Ìyàtọ̀ Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta
Mo kó sí wàhálà lónìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ bébà ara ìgò oògùn wò kó tó jáde ní ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀kan kọjá lójú mi láìní ìkìlọ̀ pupa lára. Odidi páálí mẹ́rin. Onígíláàsì, ọ̀gá wa, kò tilẹ̀ pariwo — ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó yọ mí kúrò nídìí tábìlì mi, ó fún mi ní ìwé kan: àwòrán méjì lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ mẹ́wàá láàárín wọn. Ó ní kí n fi la ojú mi, òun máa dán mi wò. Èmi abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ìwé ọmọdé!

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Mo ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Má wo ilé, má wo ajá. Pín ewé sí igun mẹ́rin, wo ọ̀kan tán kó o tó bọ́ sí òmíràn. Mẹ́sàn-án! Ọ̀gá Mọ́tò — ọkọ mi ni, bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà — ní ṣé gbogbo ohun tí mò ń tìtorí ẹ̀ pariwo nìyẹn. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó rí márùn-ún, ó ní ìwé náà ló ń purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
A ti ń figa gbága. Ó jókòó ti ìwé ju bó ṣe ń jókòó tì mí lọ. Márùn-ún. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀rín fi pa àwa méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ó tún fi dígí apá òsì bọ́ọ̀sì gbá òpó iná. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní alùpùpù kan ló há òun mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Onígíláàsì dán mi wò. Mo rí gbogbo ẹ̀, ó dá mi padà sídìí tábìlì mi. Mo délé tayọ̀tayọ̀, mo ṣí àwọn ewé tí ọkọ mi ti ṣe kí n lè rí ohun fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ewé mọ́kànlá. Gbogbo àmì bírò ẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Apá òsì mọ́ tónítóní.
Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo fún un ní ewé tuntun. Ó rí márùn-ún. Mo dorí ewé kodò, mo ní kó tún wò ó. Kíá ló rí márùn-ún tó ṣẹ́ kù.
Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn sórí ni." Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀ mí kí n bo àṣírí òun.
Ọmọ méjìlélógún ni bọ́ọ̀sì yẹn ń gbé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo pe ọ̀gá iléèwé. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti yàrá. Kò bá mi sọ̀rọ̀, kò jẹun. Mo sunkún ní balùwẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde. Ọ̀túnla la máa rí dókítà ojú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Dírẹ́bà mìíràn ló gbé bọ́ọ̀sì wá. Ọkọ mi jáde, ó dúró tì mí lẹ́nu géètì ilé wa, ó ń wo àwọn ọmọ àdúgbò tó ń dúró láti wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti àná: "Mẹ́rin péré ló wá lónìí."
Mẹ́fà ni wọ́n. Àwọn méjì yòókù wà lápá òsì ẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i.