Ilẹ̀kùn Yàrá Iṣẹ́-abẹ

Màámi,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti wà lọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé yìí, kí n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà wù mí kí n tó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ọ. Tíì ni mò ń pò fún wọn.

Lánàá, mo rí i nínú àwòrán ilé ìwòsàn kan pé bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kò ní gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́-abẹ kọjá. Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ṣé tíì ti délẹ̀?" Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ní àwọn làwọn rí àṣìṣe náà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa á.

Bí Bàámi bá béèrè, ẹ ní mò ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ gan-an. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ kí àbúrò mi.

Ọmọ yín.