Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Kó Kún

Ilé wa ní Kabusa,
Àbújá.
Ọjọ́ Àtìní.

Ràṣídátù ọmọ mi,

Asalaamu alaekun. Ṣé àlàáfíà ni o wà lórí omi tí o wà yẹn? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn dáadáa? Ọlọ́run Ọba tó dá òkun kò ní jẹ́ kó ru sí ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀, ojú ò ní tì ọ́ láàárín àwọn àjèjì. Bí o bá béèrè wa, ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti èmi tí n kò rí oorun sùn láti Àlàmísì tó kọjá.

Nafisah, ìyàwó ilé kejì wa, ti bí ọmọkùnrin, ó ní kí n bá òun kí ọ, sànnu sànnu. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ omi kan síwájú mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ó máa ń gba káàdì kó tó pọn omi fún èèyàn. Mo fi káàdì ìdìbò mi hàn án, kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ó mọ̀ pé n kò jáde dìbò lọ́jọ́sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ni mo jókòó kọ o. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí o má baà rò pé n kò wá. Mo wá, Ràṣídá. Mo wá.

Láti ọjọ́ tí o ti pè wá pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí o ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn òyìnbó máa yà sí èbúté Àpápá láti àárọ̀ di aago mẹ́ta péré, pé láàárín aago méjìlá sí méjì ni wọ́n máa yọ̀ǹda rẹ kí o sọ̀kalẹ̀, ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí o ń lọ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ní n kò bímọ kó lọ máa tẹ́ ibùsùn fún ẹni tí n kò mọ̀ láàárín òkun. O kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o ní kí n gbé ọwọ́ lé ọ lórí kí n ṣàdúà fún ọ. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn. Àdúà yẹn ni mo gbé lọ sí Èkó lọ fún ọ.

Ìyá rẹ di àádùn àti róbó sínú àpò. Àlàrùbá ni mo wọkọ̀, mo sùn sí gáréèjì, nígbà tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ Àlàmísì mo ti wà lẹ́nu géètì èbúté. Ẹ̀ṣọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi. N kò fẹ́ fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n má baà ní n kò mọ̀wé, mo bá kọ nọ́ńbà Píjò wa tí a tà lọ́jọ́ kìíní. Ni ẹ̀ṣọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Píjò káàkiri ọgbà, ó ní òun ò rí ọkọ̀ tí bàbá gbé wọlé. Ó wá a títí ó fi làágùn. Mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, Ìlọrin ló wà.

Ìgbà náà ni mo wá rí ọkọ̀ yín. Ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ti kó àwọn èrò rẹ̀ lọ wo ìlú. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta omi pé èèyàn mélòó ló ń gbé, ó ní bí ẹgbẹ̀rún méjì. Mo dúró, mo ka àwọn tó ń wọlé, wọn ò ju mọ́kàndínlógún lọ. Ràṣídá, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé èrò láti Àbújá lọ sí Òṣogbo. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan, tí ìjókòó mẹ́jọ ṣì ṣófo. Èmi fúnra mi ti sọ fún èrò pé aago mẹ́ta la máa gbéra, tó jẹ́ pé aago mẹ́fà la gbéra. Mo ní eléyìí ò ní kún títí di ọ̀la. Ta ló máa gbé ọkọ̀ òfìfo lọ sójú òkun, kí ló máa fi ra epo?

Bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ nìyẹn. Mo wo ara mi nínú dígí mọ́tò kan tó dúró síbẹ̀, irùngbọ̀n mi funfun báláú. Géńdé ni mo ṣì jẹ́ nígbà tí o lọ, n kò fẹ́ kí o wá bá mi lárúgbó. Mo bá lọ wá onígbàjámọ̀ lọ, kó fá orí mi, kó kun irùngbọ̀n mi dúdú. Àwọn oníbàárà pọ̀ níwájú mi, mo jókòó, mo tò. Mo pa fóònù, kí bátìrì má baà tán kí ìpè rẹ tó wọlé. Nígbà tó ṣe mí tán, mo kírun ọ̀sán, mo ra ọsàn fún ọ, mo ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Nǹkan kan ké lápá èbúté bí akọ màlúù, n kò kà á sí.

Nígbà tí mo fi dé géètì, omi ti wà láàárín èmi àti ọkọ̀ náà. Kò kún, Ràṣídá. Ó sì lọ.

Ẹ̀ṣọ́ tó wá Píjò ló sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan dúró síbẹ̀ láti aago méjìlá nínú oòrùn, wọ́n fún un ní àga, kò jókòó, ó ní bàbá òun lè kọjá kó má rí òun. Ó ní o yá fóònù òun, o pè mí nígbà mọ́kànlá. O ń bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Àṣé ìyá rẹ ti ń fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ọ.

Ìyá rẹ rí àpò àádùn lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo irùngbọ̀n dúdú náà, ó wọlé lọ. Láti ìgbà náà, “oúnjẹ yín rèé” àti pé kí n kọ lẹ́tà yìí nìkan ló ń bá mi sọ. N kò bá a jà. Mo kábàámọ̀, ọmọ mi. Ti èbúté yẹn, n kò mọ̀ ni. Ti ilẹ̀kùn tí mo tì, mo mọ̀, mo sì ṣe é.

Ní báyìí, bá mi bi ọ̀gá ọkọ̀ yín léèrè. Ní gáréèjì tiwa, bí èèyàn bá ń kánjú, ó lè san owó ìjókòó tó ṣófo kí ọkọ̀ gbéra. Èló ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ tiyín kí ọkọ̀ dúró ní wákàtí kan sí i? Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi èyí tí mo máa fi wọkọ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, torí pé bí ẹ bá tún ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa fi ṣáájú yín débẹ̀. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì o. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ń bi mí ní orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Mo ní orúkọ kan náà ni, ṣé ó jí orúkọ ni? Ó ní kí n máa lọ ná.

Kenny ọmọ onílé wa ló máa fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. A ti jẹ́ kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ, kó má baà ba ojú fóònù rẹ jẹ́. Mo ní kó ya ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ọn, nísàlẹ̀ níbi tí àyè kù sí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yà á. Níbikíbi tí o bá ti ń kà á, kúnlẹ̀, kí o gbé fóònù náà lé orí rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Èbúté tí o bá sọ̀kalẹ̀ sí, ẹni rere ni wàá bá pàdé. O ò ní dúró de ẹni tí kò ní wá mọ́ láyé. Àmín.

Ó ti tó, ọmọ mi. Dìde.

Èmi bàbá rẹ,
Sàkáríyà