Ènìyàn Rọ́bà Tí O Jù Sómi

Ìjàn-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Monínúọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà l'Ékòó, ṣé omi ibẹ̀ ò tutù sí ọ lára jù? Ọlọ́run tó ń tọ́jú ẹja á máa tọ́jú ìwọ náà. Ara tèmi le, àfi orúnkún, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì. Tíṣà Adérẹ̀mí ló máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Mo ní kó ká a sí méjì kó tó yà á, kí àwọn ará ojú ọ̀nà má baà kà á, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ kó mi láyà sókè. Mo rí ọ nínú ọkọ̀ tó ń fi aṣọ gba atẹ́gùn, o gbé ènìyàn kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, o jù ú sómi, o wá jókòó, o ń kọ̀wé! Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo ní ṣé iṣẹ́ tí mo fi owó kòkó rán ọmọ níléèwé fún nìyí. Àfìgbà tí tíṣà ṣàlàyé pé rọ́bà ni, pé àwọn atukọ̀ lo ń dán wò, o fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á yí padà wá gbé ẹni tó já sómi. Mo dúpẹ́. Síbẹ̀, jọ̀wọ́, máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Olúgbénga, ọmọ Ìyá Fúnkẹ́mi tó múlé gbè wá, wà lára àwọn tí o dán wò, o sì ní kò yege. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu márùn-ún wá láàárọ̀ àná, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní ọmọ òun mọ ọkọ̀ tù, ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn nìkan ni. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe òmùgọ̀, ó rí i pé rọ́bà ni, ìdí nìyẹn tó fi ń bá tirẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ ènìyàn ni, á yí padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, mo ṣèlérí pé màá kọ̀wé. Mo gún ọ̀kan nínú iṣu náà lọ́sàn-án, ó dùn.

Ṣùgbọ́n bí mo ti mú bírò, bàbá rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. A sọ fún ọ pé orí ẹrù ọkọ̀ ló ti já bọ́ lọ́jọ́ tí à ń kó iṣu lọ sí Fájuyì ní Adó. Mi ò sọ ìyókù fún ọ. Èmi jókòó níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Mo pariwo, mo gbá ilẹ̀kùn, awakọ̀ ní òun gbọ́, òun á dúró níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú. Ọ̀nà ò tètè tẹ́jú. Ìgbà tí mo fi máa fẹsẹ̀ rìn padà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, ẹ̀mí ti bọ́. Awakọ̀ yẹn mọ ọkọ̀ wà o, gbogbo Ìjàn ló ń yìn ín. Mo sábà máa ń bi ara mi pé ta ló dán an wò.

Nítorí náà, mo ti kọ lẹ́tà tí mo ṣèlérí. Má fún Olúgbénga níwèé ẹ̀rí. Má sì lé e o, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Pè é padà, tún ju rọ́bà sómi fún un, kó máa ṣe é títí á fi máa yí padà láì tún rò ó. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Màá dá iṣu mẹ́rin padà fún ìyá rẹ̀ lọ́la. Fi owó iṣu kan ránṣẹ́ sí mi, kó lè pé márùn-ún, nítorí èyí tí mo jẹ ti lọ. Bí agbára bá gbé e, fi ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn yẹn kan kún un, mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ gun ọ̀kadà lọ sí Adó.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o já sómi láéláé. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń tukọ̀ lọ́jọ́ náà á yí padà wá gbé ọ.

Èmi ìyá rẹ ni,
Modúpẹ́.