Ẹ̀kúnwọ́ Ìrẹsì Ilé Wa

Sí Thanpuii ọmọ mi, ní Delhi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ọsibítù ńkọ́? Ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú kì í kanra mọ́ ọ? Ọlọ́run tó di òkè wa yìí mú tí kò jẹ́ kí ó ya lulẹ̀ nínú gbogbo òjò ọdún yìí yóò di ìwọ náà mú, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀. Èmi bàbá rẹ wà láàyè, àfi eékún tó ń dùn mí bí mo bá ń gòkè bọ̀ láti odò. Ẹlẹ́dẹ̀ wa ti sanra. Ewé mọ́sítádì tí ìyá rẹ gbìn kẹ́yìn ti so, mo sì ti kó irúgbìn rẹ̀ pa mọ́.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ wà dáadáa. Mo máa ń fi aṣọ bò ó bí mo bá fẹ́ wẹ̀, nítorí bí o ṣe ń rí mi nínú rẹ̀ nígbà tí o bá pè, n kò mọ̀ bóyá o ṣì ń wò nígbà tí o kò pè. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mo jẹ́. Mo dé báńkì náà, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri fún mi lówó tí o fi ránṣẹ́, mo sì ṣí fìlà mi, mo kí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó fún èèyàn lówó láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ṣé kò yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ ìkòkò oníná tí o fi ránṣẹ́ gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. O mọ̀ pé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn obìnrin ìjọ máa ń gbé agbọ̀n láti ilé dé ilé, kí wọ́n gba ìrẹsì tí ìyá ilé kọ̀ọ̀kan bù sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ẹ̀kúnwọ́ kan nígbàkigbà tó bá fẹ́ dáná. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, wọn kò yà sílé wa mọ́. Bí wọ́n bá dé iwájú ilé, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á kọjá. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dà bíi pé ilé wa ti bá ìyá rẹ kú. Ogójì ọdún ni mo ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọkùnrin, mo ń pe ara mi ní onígbàgbọ́, n kò sì fọwọ́ ara mi bu ìrẹsì sọ́tọ̀ rí. Ìyá rẹ ló ń bá mi ṣe é. Ìgbà tó lọ tán, mo wo inú ara mi, n kò rí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀.

Ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó máa bù ú. Ṣùgbọ́n ìkòkò yìí ní ìwé tirẹ̀, Pu Biakliana olùkọ́ sì kà á fún mi: ife ìrẹsì méjì, kí n fọ̀ ọ́, kí n da omi dé ojú ìlà kejì, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ìkòkò tó mọ ìgbà tí oúnjẹ jinná, tó ń paná ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ṣé kò ní mọ̀ bí mo bá yọ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ife rẹ̀? Mo rò pé yóò kọ̀, kò ní gbóná. Torí náà mo wọn ìrẹsì pé, mo fọ̀ ọ́, mo da omi, mo jẹ́ kí ìkòkò rí i pé n kò rẹ́ ẹ jẹ, ìgbà náà ni mo wá kiwọ́ bọ̀ ọ́, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú agolo ìyá rẹ, mo sì dé e pa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Inú mi dùn, ọmọ mi. Mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, èmi tí kì í gbàdúrà àfi tí wọ́n bá pè mí síwájú ìjọ.

Sátidé dé, mo wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Pi Rochhingi, olórí àwọn obìnrin, fẹ́ kọjá, mo ní kó dúró, mo ní ilé yìí ní ìrẹsì. Ó ṣí agolo náà. Thanpuii, òórùn tó jáde níbẹ̀ lé àwọn adìẹ kúrò láàárín àwọn òpó abẹ́ ilé. Ìrẹsì ti kan, ó ti lẹ̀ pọ̀, irun aláwọ̀ ewé ti hù lórí rẹ̀. Obìnrin tó tẹ̀ lé e fi ìborùn bo imú. Ojú tì mí gan-an. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ó jọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ ti ọwọ́ mi.

Pi Rochhingi bi mí bí mo ṣe ṣe é, mo ṣàlàyé òfin ìkòkò fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá n kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Ó ní gbígbẹ ni wọ́n ń bù ú, kí omi tó kàn án, pé ìkòkò kì í ka ìrẹsì. Ó wá rọra di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bàbá Thanpuii, ìyàwó yín kì í bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo. Méjì ló ń bù. Mo bi í nígbà kan, ó ní ọ̀kan jẹ́ tiyín, pé òun á máa bá yín bù ú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n bù.”

Mo sunkún lójú wọn, n kò fi pa mọ́. Ogójì ọdún, kò sì fi bú mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n wọlé, wọ́n bá mi gbàdúrà, wọ́n sì kó ìrẹsì náà fún ẹlẹ́dẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. Ní Sátidé tó kọjá yìí, ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ìrẹsì mi gbẹ.

Jọ̀wọ́, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra gíláàsì ojú, torí n kì í rí òkúta inú ìrẹsì mọ́ àfi tí mo bá fi eyín gé e. Bí kò bá sí, má da ara rẹ láàmú.

O sọ fún mi lórí fóònù pé o kò lè gbàdúrà mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, pé bí o bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Ọ̀rọ̀ òjò ni mo ń bá ọ sọ lọ́jọ́ náà. N kò bá ọ wí o. Kí Olúwa jókòó tì ọ́ nínú yàrá rẹ, kí ó má jẹ́ kí ìlú náà tutù jù fún ọ. Méjì ni mo ń bù báyìí, ọmọ mi. Ọ̀kan jẹ́ tìrẹ. Má kánjú.

Èmi bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Hrangchhuana