Èyí Tó Jẹ́ Tiyín, Ẹ Mú Un Lọ

Bàbá mi tí ọkàn mi ń fà sí,

Mi ò mọ ẹ kú kí ni mo lè kí yín. Ẹ kú ilé kọ́, ẹ kú oko kọ́. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin yín sẹ́yìn ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, n kò sì kọ nǹkan kan sí yín rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ fi mí sílé ìwé nígbà tí àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ara Ìyá le. Wọ́n ṣì ń ran òwú, ojú wọn nìkan ló ti ń ṣe bàìbàì. Èmi náà ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó Sàró tó ti òkè òkun padà wálé. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn.

Wọ́n kan àbà mọ́ Sámúẹ́lì, àbígbẹ̀yìn yín, lẹ́sẹ̀. Ó ti padà wálé báyìí, ẹ má jáyà.

Ó kó aṣọ lọ tà ní Ìdómò, ìlú kan lọ́nà ìwọ̀-oòrùn, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sí lábẹ́ Ẹ̀gbá. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti pàtẹ tán, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní a, b, d, ó sì ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Mẹ́rin nínú wọn gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbọ́: ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, bàbá arúgbó ahunṣọ kan, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Nígbà tí ọdún òrìṣà ìlú dé tí gbogbo ilé gbé iṣu lọ sójúbọ, àwọn mẹ́rin yìí kò gbé iṣu kankan. Ọba ní Sámúẹ́lì ló ba ènìyàn òun jẹ́. Ó kan àwọn márààrún lábà.

Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí igi àbà ń ṣe sí ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo kéré nígbà tí Olóyè Ṣóbándé kàn án mọ́ yín lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀, nítorí pé ẹ ò bọ òrìṣà mọ́. Ìyá a gbé ẹ̀kọ, èmi a gbé omi tẹ̀lé wọn. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó máa fi àdín ra ọrùn ẹsẹ̀ yín, ètè yín á sì máa mì bíi ti ẹni tó ń kàwé. Bí mo bá béèrè, ẹ ó rán mi lọ wo ìkòkò lórí iná. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún wa?

Alùfáà wa kọ̀wé sí àwọn òyìnbó aláṣẹ létí òkun. Oṣù kan àtààbọ̀ kí èsì tó dé. Èmi ni wọ́n ní kí n kà á fún ìjọ. Ìwé náà ní bí ọba Ìdómò kò bá tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn yóò ti ibi ọkọ̀ odò pa, iyọ̀ kò ní wọ ìlú rẹ̀ mọ́, ẹ̀tù ìbọn kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí a kà á sí i létí láàfin, lójú gbogbo ènìyàn.

Inú àwọn ọkùnrin dùn. Oníṣòwò òwú kan tilẹ̀ dìde. "Ìwé ti kéré jù," ló wí. "Kí Ẹ̀gbá gbé ìbọn, ká lọ kó àwọn ènìyàn wa wá!"

Ìyá ò dìde níbi tí wọ́n jókòó sí. "Ogun tí ẹ fẹ́ gbé lọ yẹn," wọ́n ní, "ṣé ó máa mọ ẹni tó ń gbàdúrà yàtọ̀ sí ẹni tí kì í gbà á?"

Mo bẹ alùfáà pé kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún láti wá ọ̀nà mìíràn kó tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ojú rẹ̀ kò gbà á, ṣùgbọ́n ó gbà.

Bàbá, ilé Olóyè Ṣóbándé ni mo lọ. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ti kan onígbàgbọ́ lábà rí, tó sì tún ṣí i. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Ọwọ́ mi ló kọ̀. Ó ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Nígbà tí mo dárúkọ yín, ó gbé àwo obì tó wà níwájú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé ó sọ fún yín pé mo ti fẹ́ tú òun sílẹ̀?"

"Bàbá wa ò sọ nǹkan kan fún wa, bàbá."

"Ọjọ́ kẹta tí mo dè é ni ọkàn mi ti rọ̀. Mo ti ní kí wọ́n ṣí i tílẹ̀ bá mọ́. Ni àwọn òyìnbó bá gbé ìwé wá láti etí òkun, wọ́n kà á sí mi létí lójú àwọn ìyàwó mi, lójú àwọn ọmọ mi, pé bí n kò bá tú u sílẹ̀, n óò rí i. Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lé e. Kì í ṣe nítorí òrìṣà mọ́. Nítorí ojú ayé ni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ló ba ẹsẹ̀ yín jẹ́. Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì wà nínú àbà, ni mo bá jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un.

"Kí wá ni ká ṣe, bàbá?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọba náà. Èmi ni mo mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ẹni tí a kò bá tì mọ́ ògiri ló ń rí ọ̀nà padà."

Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ, pẹ̀lú egungun arúgbó rẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kẹrìnlá, ó mú Sámúẹ́lì wọlé. Ìyá sunkún, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá fún gbogbo wa. Sámúẹ́lì nìkan ni kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

Àwọn bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì ti fa ewúrẹ́ lọ sójúbọ, àwọn ọmọ náà sì ti wólẹ̀ fún òrìṣà, wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ó ku ahunṣọ àti Àbẹ̀ní. Olóyè bẹ ọba nítorí wọn. Ọba ní, "Èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ mú un lọ. Tèmi ni ìyókù."

"Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn?" Olóyè bi mí. "Ohun tí mo sọ fún òyìnbó nípa bàbá rẹ gan-an ni."

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún pé, alùfáà fi ìwé ránṣẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ènìyàn méjì ló wà nínú àbà, kí ni kó tún ṣe? Wọ́n kà á láàfin Ìdómò, ọba sì kọ̀. Àwọn òyìnbó ti ibi ọkọ̀ odò pa. Kí oṣù tó parí, kò sí iyọ̀ ní Ìdómò. Àwọn obìnrin tó ń ti ọ̀hún bọ̀ ní àwọn ará ìlú ń sọ pé àwọn méjì yìí ló fa ọbẹ̀ aláìníyọ̀ wọ ilé àwọn. Wọ́n lu ìyá Àbẹ̀ní létí odò. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún ahunṣọ kò lọ mọ́. Inú àbà ni bàbá náà kú sí. N kò mọ orúkọ rẹ̀, Sámúẹ́lì náà ò mọ̀ ju "Bàbá Aláṣọ" lọ.

Bàbá, ṣé ìwé yẹn ló pa á? Tàbí ìbá kú náà bí a bá dákẹ́? Bí ìjọba kan bá rí i pé wọ́n ń jẹ ènìyàn níyà nítorí ìgbàgbọ́ ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni ó yẹ kó ṣe? Bó bá dákẹ́, ó burú. Bó bá pariwo, ẹni tó wà nínú àbà ni ariwo náà ń dé lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú rẹ̀, kí lẹ rí?

Ìyá ló mú ọ̀rọ̀ wá níkẹyìn. "Ṣebí ọba ní èyí tó jẹ́ tiwa ni ká mú? Ẹ jẹ́ ká sọ ọmọ náà di tiwa."

Olóyè tún gbéra, ó gba ọ̀nà igbó tó jìn, tó yí odò ká. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ sí ààfin. Ilé ìyá Àbẹ̀ní ló lọ, pẹ̀lú obì, orógbó àti oyin, ó tọrọ ọmọ fún Sámúẹ́lì. Ìyá náà gba ẹrù ìdáná, ó ń sunkún. Ẹ̀yìn èyí ni Olóyè tó lọ sọ fún ọba pé ìyàwó Ẹ̀gbá wà nínú àgbàlá rẹ̀. Ó ní ọba wo òun pẹ́, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ ṣí i.

Àbẹ̀ní wà lọ́dọ̀ wa. Kò tíì lè rìn dáadáa. Sámúẹ́lì ti sọ fún un pé bí kò bá fẹ́ òun, àbúrò ni yóò jẹ́ fún òun, kò sẹ́ni tí yóò fipá mú un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi Ìyá pé, "Ṣé mo lè padà lọ wo ìyá mi?" Ibi ọkọ̀ odò ṣì wà ní títì. Àwọn tó tì í kò rántí pé ó yẹ kí àwọn ṣí i.

Ìrìn kejì yẹn dá Olóyè dùbúlẹ̀. Lánàá lọ́sàn-án, ó ránṣẹ́ pè mí. Orí ẹní ló wà.

"Ìwọ mọ ìwé," ó ní. "Kọ ọ́ sí bàbá rẹ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ojú ènìyàn ni mo ń wò. Sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́."

"Òkú kì í kàwé, bàbá."

"Ṣé mo bi ọ́ ní ìyẹn? Kọ ọ́, kí o wá kà á sí mi létí."

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mo wá ìbínú nínú ara mi láti fi kọ̀ fún un, n kò rí ju àárẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ni wọ́n kàn lábà, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti foríjì í lórúkọ yín. Ọ̀la ni n óò lọ kà á sí i létí. Bí mo bá kà á tán, yóò gbójú sókè, yóò bi mí pé kí lẹ wí. Kí ni kí n sọ fún un, Bàbá?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ rán nílé ìwé, tí ó ń retí èsì yín.