Ọwọ́ Tí Ẹnìtàn Gbé Sẹ́yìn

Ilé Bàbá Rẹ,
Tedé.
Ọjọ́bọ̀.

Tẹjúmọ́lá, Àjàgbé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ ní Bódìjà? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé orí pápá yóò mú ọ kúrò níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Páànù ilé ìdáná ti ń jò, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì ti bí ìbejì. Ìròyìn ilé tán, torí ọkàn mi ò balẹ̀, ìgbà kẹta tí mo máa dìde nídìí ìwé yìí rèé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Àìkú nínú fóònù ńlá Tíṣà Olúwadáre, pé kí o fi Ẹnìtàn sílẹ̀, kí o wá ẹlòmíràn tí ẹ ó jọ máa gbá tẹníìsì, jọ̀wọ́ dá a padà fún mi. Tíṣà ní àmì méjì ara rẹ̀ ti di búlúù, pé o ti gbọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà mo ń pè ọ́ lórí fóònù kékeré mi, o ò gbé e. Tíṣà ní kí n tún fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, mo ní rárá, mi ò fẹ́ kí ohùn mi méjì lọ pàdé nínú fóònù rẹ kí wọ́n máa bá ara wọn jà. Dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sí Dùgbẹ̀ ló máa gbé ìwé yìí wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ohun tí mo rí ni mo sọ. Tíṣà fi fídíò ìdíje yín hàn mí, níbi tí ọkùnrin méjì ti ń kojú ọkùnrin méjì, àwọn tó fi eré yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ gba bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lọ́wọ́, bàbá tó jókòó sórí àga gíga nínú oòrùn ní ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní bàbá yìí lawọ́ o. Àfi bí mo ṣe rí Ẹnìtàn. Ìwọ wà lẹ́yìn, o fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, òun wà níwájú lẹ́bàá àwọ̀n, ó wá rọra gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ó na ìka méjì. Nígbà tó yá, ó di ìkúùkù. Lẹ́yìn ìyẹn ó wá bá ọ, ó fi bọ́ọ̀lù bo ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Ta ló ń bo ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rere? Mo pariwo sínú fóònù pé kí o ṣọ́ra, o sì yíjú. Tíṣà ní àná lẹ gbá a, pé o ò lè gbọ́ mi. Mo ní kí ló wá dé tó fi yíjú?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, kí àṣírí Ẹnìtàn lè tú. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ní díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹ pàdánù, pé ẹ̀yin méjèèjì kàn ń lu bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ara mi ò gbà á mọ́. Láàárọ̀ yìí mo pe ìyá Ẹnìtàn ní ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀ ní Àpáta, mo ní kó bá mi bi ọmọ rẹ̀ ohun tí ọmọ mi fi ṣe é. Ó ní òun náà ti fẹ́ pè mí. Ó ní òun rí ìwọ Tẹjúmọ́lá lẹ́bàá àwọ̀n, tí o gbé ọwọ́ sẹ́yìn, tí o ń na ìka sí ọmọ òun, òun sì ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ láti ọjọ́ Ajé. Àjàgbé, ẹ̀rù bà mí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa ìyá yín là ń ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. A jọ ṣínu lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, òun mu mínírà, èmi jẹ ẹ̀kọ.

Ìdí ẹ̀kọ yẹn ni mo wà tí mo rántí bàbá rẹ. Tí àlejò bá dé, èmi ni mo máa ń dúró níwájú wọn, tí mo ń kí wọn, ọwọ́ mi á sì wà lẹ́yìn. Bàbá rẹ á máa bọ̀ láti yàrá, á wò ó kó tó sọ pé kí wọ́n wá jẹun. Ìka méjì, ẹran méjì ló kù nínú ìkòkò. Ìkúùkù, kò sí nǹkan kan, kó yáa máa bi wọ́n nípa oko. Ogójì ọdún, àlejò kankan ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ yà kí mi. Ọwọ́ mi lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó di ìkúùkù. Ẹnikẹ́ni ò bọ̀ láti yàrá. Ó dùn mí ju ohun tí mo lè kọ lọ.

Nítorí náà, má fi Ẹnìtàn sílẹ̀. Tó o bá ti lé e, sáré lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó di Àbámẹ́ta tí ẹ máa gbá àṣekágbá, sọ pé ìyá rẹ ló ṣe é. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, torí èmi àti ìyá rẹ̀ fẹ́ jọ jókòó wò yín, kí o sì fi ti páànù kún un. Dẹ́rẹ́bà ni kí o fún, torí ọmọ POS ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, kò tíì dé láti ibi tó lọ.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ife náà. Tí kò bá tilẹ̀ fún yín, kí ọwọ́ tí o bá gbé sẹ́yìn láyé yìí máa rí ẹni tí yóò wò ó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Láwùmí.