Ọpẹ́ Tí Màmá Àgbà Ń Retí

Ilé Kẹrin, Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Nørreby, Erékùṣù Mors,
Denmark.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Loretta,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Oyún inú yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú ti lọ sílẹ̀ díẹ̀? Bàbá àti Màmá ńkọ́? Àgbàdo oko ńkọ́, ṣé òjò rọ̀ dáadáa fún yín lọ́dún yìí? Ara tiwa le. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, torí ó dùn ún kọ: ọkọ mi ní kí n kí yín.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n so wá pọ̀. Mo ti ba bébà méjì jẹ́ kí n tó rí èyí kọ. Ẹ̀rín ń pa Wendell àbúrò yín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òrùka sí ìka mi tí kò yẹ. Nígbà tó di àkókò ijó, àwọn ọkùnrin dì í mú, wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, Ejnar ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì yọ sísọ́ọ̀sì láti gé imú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ọkọ ìyàwó níbí.

"Ará Nebraska, dúró jẹ́ẹ́," Ejnar wí. "Ọkùnrin tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà níta kò lè yọ́ lọ bá obìnrin mìíràn."

"Ẹ rọra o, bàbá. Ìbọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo kó wá," Wendell dáhùn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹnì kan. Nígbà tí èmi àti Wendell ń jó, àwọn àlejò yí wa ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sún mọ́ wa títí kò fi sí ààyè tí a lè gbẹ́sẹ̀ sí mọ́. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá Màmá àgbà Kirstine. Orí àga lẹ́bàá ògiri ni wọ́n wà, àpò lórí itan, kóòtù lọ́rùn, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá mi. Nígbà tí mo lo ọdún ìpààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọ̀ yín tán, tí Wendell wá lo tirẹ̀ níbí, ọ̀dọ̀ wọn náà ló gbé. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n hun súwẹ́tà fún un, orí tábìlì ìdáná wọn ló ti kọ́ èdè wa. Ẹ sì rántí bí mo ṣe máa ń dúpẹ́ oúnjẹ àná lọ́wọ́ Màmá yín, tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò tíì dà ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá jẹun nílé ènìyàn á dúpẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún pàdé, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "Ẹ ṣeun ìjọ́sí."

Ní gbogbo ọdún tí Wendell fi gbé ibẹ̀, kò lọ, kò bọ̀, nítorí náà kò sí ọjọ́ tó kàn án láti sọ ọ́. Nígbà tó dé lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó dì mọ́ Màmá àgbà, ó gbé aṣọ ìbora tí Màmá yín rán lé wọn lọ́wọ́, ó ní àárò wọn sọ òun. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó yíjú sí àpótí rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ wọn wálẹ̀. Èmi ló yẹ kí n ti kọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa wálé, àmọ́ ayọ̀ ti mú kí n gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ náà. Mo ní màá sọ fún un lọ́la. Ọ̀la yẹn ò dé títí ìgbéyàwó fi kọjá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bi Màmá àgbà ìdí tí wọn ò fi dìde bá wa yọ̀. Wọ́n ń bó ànàmọ́. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kò mọ̀ ni.

"Ó mọ orúkọ gbogbo màlúù mi," ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Maren, wọ́n ní ká pààrọ̀ ọmọ fún ọdún kan péré, kí tiwa lọ kọ́ tiwọn, kí tiwọn wá kọ́ tiwa. Mo gbà. Tèmi padà wálé, tiwọn náà padà sílé. Ta ló wá ní kí wọ́n tún wá mú tèmi lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mú ọ̀bẹ náà, mo bá wọn bó ìyókù ànàmọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó kọ́ Wendell ní ohun tó yẹ kó sọ, àná sì ni èmi àti rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà, kò dì mọ́ wọn.

"Màmá àgbà, ẹ ṣeun ìjọ́sí," ó wí. "Ó ti pẹ́ jù, ẹ má bínú."

"Ìwọ náà ṣeun," ni wọ́n dáhùn, bó ṣe yẹ kí wọ́n dáhùn. Wọ́n fún wa ní àga, wọ́n bu ẹran lílọ̀ díndín àti kábéèjì pupa fún wa, wọ́n tilẹ̀ bi í léèrè bóyá èèwọ̀ ni oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, tó fi rù báyìí. Ayọ̀ mi padà dé. Mo rò pé ó ti parí.

Nígbà tí a jẹun tán, tí Wendell dúpẹ́, tó dìde, Màmá àgbà ń to àwo léra wọn.

"Ti ìjọ́sí, o ti wá dúpẹ́ rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ti òní yìí ńkọ́? Ìgbà wo lo máa wá sọ ọ́?"

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, dókítà sì ti sọ pé ọkàn wọn kò lágbára mọ́, a ò sì mọ ìgbà tí a ó tún padà wá. Màmá àgbà ṣí omi ẹ̀rọ, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń fọ àwo. Wọn ò sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́la a ń lọ sí Copenhagen nítorí ìwé ìrìnnà mi, láti ibẹ̀ ni a ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣiyèméjì. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí orí àbúrò yín lórí ìrọ̀rí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kígbe. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí a bá dé, tí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú mi, ẹ má bi mí léèrè Màmá àgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Màmá, ẹ kí ọkọ yín, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé ikùn yín kí ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Tiyín ni mí títí màá fi dé ẹnu ilẹ̀kùn yín,

Maren, ìyàwó Wendell.